Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ń Sọ Lẹ́yìn Abọ́

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ bí ó bá ń jẹun. Ẹ má rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni o. Ńṣe ló ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Bí mo bá ti palẹ̀ abọ́ mọ́ tán, tí mo nu tábìlì, á wúkọ́, á wò wá yíká bí ẹni ń wo kíláàsì, gbogbo wa á dákẹ́. Ó di ká máa gbọ́ ìdí tí òjò fi ń rọ̀, tàbí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, tàbí ibi tí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ti ṣẹ̀ wá. Tíṣà ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Àwa ará ilé nìkan ló kù tó lè kọ́.

Télọ̀ ni èmi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé. Orúkọ tí àwọn oníbàárà fún mi ni Ìyá Ẹ-wá-lọ́la, n kò sì bá wọn jà, nítorí wọn ò purọ́ mọ́ mi. Àkọ́bí wa obìnrin ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé ńlá tó ń túmọ̀ òyìnbó sí Yorùbá, tó sì ń sọ orísun ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó ríṣẹ́ yẹn, ọkọ mi ń rìn kiri ilé bí ẹni pé òun ni wọ́n gbà. Nígbà tí ìwé náà sì jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ń kà á bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ka ìwé ìròyìn, á máa dá rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ lẹ́yìn. N ó sọ ọ́ báyìí, kí ẹ má baà máa fọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn bíi tèmi.

Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè máa ń bẹ̀rù olè. Ẹnì kan á fi ọdún gbọọrọ ṣa ọ̀rọ̀ jọ, ẹlòmíràn á jókòó, á dà á kọ, á ní òun náà ṣiṣẹ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mú un? Òótọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni méjì lè bá a pàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Irọ́ nìkan ló ní bàbá. Nítorí náà, wọ́n á fi irọ́ kékeré kan pamọ́ sínú ìwé, irọ́ tí kò sí níbòmíràn láyé. Bí irọ́ yẹn bá yọjú nínú ìwé ẹlòmíràn, wọ́n ti mú olè.

Olóòtú Àgbà ilé-iṣẹ́ wọn ló pe ọmọ mi sí yàrá rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn, tó ní kó wá ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò, kó hun orísun èké fún un. Àwọn méjèèjì nìkan ni yóò mọ̀. Ọjọ́ tó bá jáde lẹ́nu ọmọ mi, kó má ṣe padà wá síbi iṣẹ́. Ó gbà.

Ọ̀rọ̀ tó mú ni ‘disquisition’. Èmi tí mo gbọ́ ọ ní ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé ẹnì kan ń sín ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ tó kọ kò ní àbùkù: àsọyé àwọn ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n fi ń tú ìmọ̀ palẹ̀. Orísun rẹ̀ ló purọ́ sí. Ó ní inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ méjì ló ti wá, ọ̀kan ń jẹ́ abọ́, èkejì ń jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbàanì kì í la ẹnu àfi bí wọ́n bá ti kó abọ́ kúrò tí gbogbo ẹni tó yí tábìlì ká sì ti pa kẹ́kẹ́. Ó ro gbogbo ẹni tó lè yẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kò rí ẹnì kankan. Ó gbàgbé ẹni tó wà nílé.

“Màmá wọn, wá gbọ́ nǹkan!” Ohùn ọkọ mi ni mo gbọ́ láti pálọ̀. Mo wà nídìí ẹ̀rọ, mo ń pa etí sòkòtò oníbàárà kan. Ó gbé ìwé náà wá bá mi, ìka rẹ̀ wà lójú ibẹ̀. “O ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí, àṣé bí àwọn baba ńlá ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe gan-an nìyí! Abọ́ á kúrò nílẹ̀, ẹnu á dákẹ́, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀.”

“Ta ló ń kó abọ́ fún wọn?” mo bi í.

“Ìwé ò sọ ìyẹn.”

“Ẹ rí i báyìí pé ìwé náà ò tíì parí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ẹ̀yìn ti ògiri. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀rín yẹn yóò ṣọ̀wọ́n nílé wa.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìdásílẹ̀ wọn, wọ́n sì fẹ́ kó wá sọ àsọyé. Ẹ má wò ó bí nǹkan kékeré. Gbogbo ọdún tó fi wà lọ́dọ̀ wọn, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, àga ni wọ́n máa ń ní kí ọkọ mi bá wọn tò. Kò gun pèpéle yẹn rí, àfi ìgbà tó fẹ́ gbá a. Ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn dé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bàtà rẹ̀, ó ní, “Wọ́n rántí mi.” Mo ní n ó rán kóòtù tuntun fún un. Ó ní kí n má sọ fún òun pé kí òun wá lọ́la.

Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ló fẹ́ fi ṣí àsọyé rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ọmọ wa wá jẹun lọ́dọ̀ wa, mo palẹ̀ abọ́ mọ́ tán, dípò kí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìbéèrè ló bi í.

“Àkọ́bí mi, ìwọ lo mọ inú ìwé yìí. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ abọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí? N kò fẹ́ kí wọ́n bá mi nídìí àṣìṣe níwájú àwọn èèyàn yẹn.”

Ọmọ mi gbé ife omi, kò mu ún, ó tún gbé e sílẹ̀. “Bàbá mi, ọ̀rọ̀ mà pọ̀ nínú ìwé náà. Ẹ ò ṣe mú òmíràn? Ẹnu àwọn èèyàn ò ní gba ìyẹn.”

“Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ṣé òótọ́ ni?”

“Bí ìwé ṣe sọ ọ́ náà ni, Bàbá.”

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọkọ mi béèrè, lójú mi báyìí, ó sì ṣìnà. Ọmọ náà sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun rò ó pé ayẹyẹ ilé-ìwé lásán ni, pé wọ́n á pàtẹ́wọ́, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, kò ní sí ẹni tí yóò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, mo tún kọ́là kóòtù ọkọ mi ṣe. Aláwọ̀ eérú ni, ó bá a lára mu dáadáa, inú mi ń dùn sí ara mi. A jókòó sí ìlà kejì, èmi àti ọmọ. Olóòtú Àgbà wà níwájú wa gẹ́lẹ́, nítorí òun ló fi ìwé atúmọ̀ èdè ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mókè lọ́rẹ. Ẹni tó jókòó tì í ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó jáde nílé-ìwé náà ní kékeré, tó wá ń kọ́ni ní èdè àtijọ́ ní yunifásítì. Bí alága ṣe dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n náà àti iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo rò pé ara rẹ̀ ò yá ni.

Ọkọ mi sọ̀rọ̀. N ó sọ òtítọ́, ẹ̀rù ti ń bà mí pé yóò gùn jù, ṣùgbọ́n ó dùn. Ó ní ẹ̀kọ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní yàrá ìkàwé, pé ìdí tábìlì oúnjẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ ìtàn abọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń gbé abọ́ kúrò, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ lóòótọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó yíjú láti kí alága ni mo rí òwú funfun kan lẹ́yìn kóòtù rẹ̀, òwú tí a fi ń mú aṣọ dání kí a tó rán an, tí a máa ń fà yọ bí a bá ti rán an tán. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó ń ta lẹ́yìn ọkọ mi níwájú gbogbo ayé. Mo rò pé ìtìjú ọjọ́ náà nìyẹn.

Ìwà tíṣà ò tán lára ọkọ mi. Dípò kó sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n nawọ́. Kò gbéra ga o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dìde, ó kí i, ó ní àsọyé náà wú òun lórí. “Ṣùgbọ́n Tíṣà wa, níbo lẹ ti rí ti abọ́ yẹn? Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wíwá ni, ìwádìí ni, kí èèyàn máa tú nǹkan wò fínnífínní, kó máa béèrè. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó wá di àsọyé. Kò sí abọ́ kankan nínú rẹ̀.”

“Inú ìwé ni mo ti rí i,” ọkọ mi wí. Ojú rẹ̀ ṣì ń dán. “Ìwé tí wọ́n fi ta àwọn ọmọ lọ́rẹ lónìí gan-an. Ọmọ mi wà lára àwọn tó kọ ọ́. Òun nìyẹn. Dìde, Àkọ́bí mi, kí wọ́n rí ọ. Ṣàlàyé fún wọn.”

Ọmọ mi dìde. Olóòtú Àgbà yí ọrùn padà, ó wò ó láti ìsàlẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Ó dà bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: “Ó ti dákẹ́ o! Ẹ gbé abọ́ kúrò!”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ́rìn-ín, àwọn òbí rẹ́rìn-ín, obìnrin kan tó wọ aṣọ tí mo fi ọwọ́ mi yìí rán fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Ọkọ mi wà lókè, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré, ọmọ kan tọ̀ sára ní kíláàsì, ọkọ mi rí i kí àwọn yòókù tó rí i. Ńṣe ló fi ẹsẹ̀ gbá garawa omi tó wà nílẹ̀ dànù, omi dà sára ọmọ náà, ó dà sára òun náà, ó wá ń bẹ gbogbo kíláàsì pé kí wọ́n má bínú, òun kì í wo ilẹ̀. Ojú tó fi wo ọmọ yẹn ló fi wo ọmọ wa.

“Ẹ má bínú,” ó wí. “Èmi ni mo ṣì í kà. Ojú àgbà ni. Ọmọ mi kìlọ̀ fún mi pé kí n mú ọ̀rọ̀ mìíràn, n kò gbọ́. Ìwé náà ò jẹ̀bi. Ẹ ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.”

Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òwú funfun rẹ̀ lẹ́yìn. Ojú gbà mí tì. N kò lè gbé orí sókè, mo ń ka ojú abẹ́rẹ́ tó wà létí aṣọ ara mi. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, mo sì máa ń rò pé àsọdùn ni.

Nílé, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Mo rí i tó ṣí ìwé náà, tó fi ìka tọ ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mọ̀ pé òun ò ṣì í kà. Ó pa ìwé dé, ó dá a padà síbi tó wà. Ohun tó rò, bí èmi náà ṣe rò, ni pé ọmọ wa ló ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, ta ni kì í sì í ṣàṣìṣe? Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ náà, bó bá ti jẹun tán, kí n tó dìde, á ti gbé abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ sílé ìdáná, á gba ibẹ̀ jáde sẹ́yìn ilé. Kò fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá òun lórí tábìlì. Èmi tí mo ti ń ráhùn láti ọdún tó ti pẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, mo wá ń fi etí wá a káàkiri ilé.

Orúkọ kan sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tíṣà Abọ́. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ ń pè é, láti ẹ̀yìn ọgbà, tí wọ́n á sì sá. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà ń pè é láìmọ̀ pé èébú ni, bí wọ́n ṣe ń pe èmi náà ní Ìyá Ẹ-wá-lọ́la.

Báyìí ló ṣe di ọjọ́ Sátidé kan tí ọmọ mi wá ràn mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń lọ aṣọ. Mo ń wọn ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà fún aṣọ àwọ̀lékè, ó na apá méjèèjì. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa wọlé, ó wá gbé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Tíṣà Abọ́ wà nílé? Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi yẹ ìwé ọmọ mi wò.” Kò ní ibi lọ́kàn. Ó fẹ́ràn ọkọ mi.

Ọmọ mi gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí aṣọ tó ń lọ̀. “Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́,” ó wí. “Bàbá mi ò ṣì í kà. Èmi ni mo kọ irọ́ yẹn sínú ìwé, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Tàkúté la fi ṣe, láti fi mú ẹni tó bá dà wá kọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi kó tó lọ, n kò sọ fún un. Mo dìde níwájú gbogbo yín, n kò tún sọ ọ́.”

Ọ̀gá àgbà ò rántí sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ òórùn, mo sáré gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ṣùgbọ́n ó ti jó àyà yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ohun tí wọ́n bá sọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ fún ìlú. Ẹni tó dúró kí wọ́n wọn òun, kí ló tún ń ṣe ju kó gbọ́rọ̀ lọ? Ọmọ mi dàgbà sídìí ẹ̀rọ mi, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí àwọn oníbàárà lọ tán, mo bú u. Mo pè é ní ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu. Mo ní, “Bàbá rẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ! Lójú mi!” Kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀, Màmá.” Ojú ń tì í débi pé kò lè jókòó.

Ọjọ́ Ajé ni Olóòtú Àgbà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Ọmọ náà kó ife rẹ̀ àti bàtà tó ń wọ̀ níbi iṣẹ́ sínú àpò, ó wá sọ́dọ̀ wa.

Ọkọ mi ti gbọ́ lójú ọ̀nà. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, a jẹun láìsọ̀rọ̀, bó ti ń rí láti ìgbà náà. Ó jẹun tán, ó na ọwọ́ sí abọ́ rẹ̀.

“Bàbá mi,” ọmọ wa wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.”

Ó fi sílẹ̀. Mo palẹ̀ abọ́ mọ́, mo nu tábìlì, mo padà jókòó. Kò wúkọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Mo bi ọ́ ní ìbéèrè kan lórí tábìlì yìí. Mo tún ń bi ọ́. Ṣé òótọ́ ni?”

“Irọ́ ni, Bàbá. Èmi ni mo pa á.”

“Níbo lo ti rí irú irọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Níbí ni.” Ó tọ́ka sí orí tábìlì. “Wọ́n ní kí n wá irọ́ tó máa jọ òótọ́. Bí mo ṣe ń rò ó, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí Màmá bá ti kó abọ́, tí ẹ bá wúkọ́. Ẹ̀yin ni mo kọ síbẹ̀.”

Ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú tábìlì tí mo ti nù tẹ́lẹ̀.

“Kí ló dé tí o fi jẹ́ kí n gbé e lọ síwájú wọn?”

Ọmọ náà ò dáhùn. Ọkọ mi ò tún bi í, kò sì bá a dáhùn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọmọ tí kò tíì rí ìdáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó dúró dè é.

“Mo bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi,” ọmọ mi wí níkẹyìn, “ju bí mo ṣe bẹ̀rù kí ojú má tì yín lọ.”

“O gbà á,” ọkọ mi wí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí fún ọmọ kíláàsì tó bá gba ìbéèrè. Ṣùgbọ́n kò gbé ojú sókè wò ó. Omijé ń dà lójú ọmọ náà, kò nù ún. Èmi jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, abọ́ wà nílẹ̀ ní ilé ìdáná, n kò lè dìde lọ fọ̀ ọ́.